Ẹni Tí Wọn Kò Bi Léèrè

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn eré ìdíje àtijọ́ tí wọ́n ń tún gbé sórí afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń wò wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun ń rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ń rí ègé wọn lórí fóònù. Mo sì ń gbọ́ iyàn tí ẹ̀ ń jà. Àwọn kan ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, nítorí ìwà tí kò bójú mu ló kún inú rẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé bí ayé àwọn ará ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. Èmi kò sí lẹ́yìn ẹnì kankan nínú yín. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí mo rí.

Ní ìparí ọdún 1994 ni wọ́n dá Game Show Network sílẹ̀, ìkànnì tó jẹ́ pé eré ìdíje ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2015, Buzzr tún dé, àwọn eré àtijọ́ ni òun náà ń gbé jáde tọ̀sán tòru. Púpọ̀ nínú àkójọ yìí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Mark Goodson àti Bill Todman, àwọn méjì tó ṣe ọ̀pọ̀ eré ìdíje tí Amẹ́ríkà fi ọdún gbọọrọ wò. Díẹ̀ ló kù kí àkójọ náà má sí rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí ètò bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n máa ń ba fíìmù rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè yọ fàdákà inú rẹ̀. Nígbà tí Goodson àti Todman gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1952, wọ́n ní àwọn yóò máa sanwó kí wọ́n lè máa tọ́jú eré àwọn kan, What's My Line?, fún àwọn. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú eré náà fi wà títí dòní, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti pòórá. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wo ohun àtijọ́: owó ló yan ohun tó kù fún yín láti wò.

What's My Line? yẹn, CBS gbé e jáde láti 1950 títí dé 1967, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àlejò kan yóò wọlé, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó, àwọn mẹ́rin tó jókòó yóò máa bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, títí wọn yóò fi mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ́, aṣọ wọn gún régé, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọge tó rẹwà bá wọlé, súfèé ni àwọn ọkùnrin inú gbọ̀ngàn yóò fi kí i. Ẹ̀rín yóò sọ, ètò yóò sì máa lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni pé obìnrin ni àlejò náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n gbà pé ọkùnrin ló ni ín. Àárín àwọn ọmọlúàbí ni súfèé yẹn ti ń dún, ẹ̀yin ọmọ mi, àárín àwọn tí ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ jókòó tì. Ibẹ̀ ni ó ti ń dẹ́rù bà mí. Bó bá jẹ́ àwọn jàǹdùkú ló ń fọn ọ́n, kò ní ohun púpọ̀ láti kọ́ wa.

Family Feud ni mo fẹ́ kí á jókòó tì dáadáa. Ní 1976 ló bẹ̀rẹ̀ lórí ABC. Ìdílé méjì ló máa ń kojú ara wọn. Wọ́n á ti bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ìbéèrè kan kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Kò kan olùdíje bóyá ohun tí wọ́n sọ jẹ́ òtítọ́, ohun tí èrò púpọ̀ sọ ni wọ́n fẹ́ kó mọ̀. Richard Dawson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni atọ́kùn. Àṣà rẹ̀ ni pé kó fẹnu ko àwọn obìnrin tó bá wá díje lẹ́nu: ọmọge, ìyá àgbà, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ dúró tì í. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, Dawson ní kí àwọn òǹwòran kọ̀wé ránṣẹ́ láti sọ bóyá kí òun dáwọ́ dúró. Lẹ́tà wọlé rẹpẹtẹ. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ní kó máa bá a lọ, ó sì bá a lọ títí ètò náà fi kọ́kọ́ dópin ní 1985.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ yẹn. Bí wọ́n ti ń ṣe eré náà gan-an ni wọ́n ṣe dá a: kí ni èrò púpọ̀ wí? Àwọn tó jókòó sínú pálọ̀ ilé wọn ni wọ́n bi. Obìnrin tó dúró síwájú kámẹ́rà, tí àyà rẹ̀ ń já, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí owó wà nílẹ̀ láti jẹ, òun ni wọ́n ń fẹnu kò lẹ́nu, òun kọ́ ni wọ́n bi léèrè. Bóyá inú rẹ̀ dùn. Bóyá kò dùn. Bí kò bá tilẹ̀ dùn, báwo ni yóò ṣe yí ojú padà kó má ba ayọ̀ gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́ níwájú ayé?

Síbẹ̀ n kò tíì sọ tán, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé kò lè rí bí a kò bá sọ ọ́ fún yín. Ní 1968, Petula Clark, akọrin aláwọ̀ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, di apá Harry Belafonte mú níbi tí wọ́n ti jọ ń kọrin nínú ètò kan tí NBC gbé jáde. Ọkùnrin tó ṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó gbọ̀wọ́ ètò náà fárí gá, ó ní kí wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò. Clark kọ̀, wọ́n sì gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ lásán ni o, ọwọ́ obìnrin lára apá ọkùnrin. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Dawson bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ko àwọn obìnrin adúláwọ̀ lẹ́nu níwájú gbogbo Amẹ́ríkà, bó ṣe ń ṣe fún àwọn aláwọ̀ funfun gẹ́lẹ́. Nígbà tó dàgbà, ó sọ ọ́ síta pé nǹkan pàtàkì ni èyí jẹ́ lójú òun. Mo gbà á gbọ́. Ẹnu tó fi gba ohun tí kò tọrọ lọ́wọ́ obìnrin, òun náà ló fi wó ògiri kan tó ti wà nílẹ̀ láti ayé òwò ẹrú. Ìkan kò pa ìkejì rẹ́. Bí wọ́n bá gé e kúrò nínú fíìmù, ẹ̀rí méjèèjì ti sọnù. Bí wọ́n bá sì kàn ń gbé e jáde ṣáá láìsọ nǹkan kan, ìran tó ń bọ̀ yóò rò pé àwàdà lásán ni.

Dawson padà sórí ètò náà ní 1994. Kò fẹnu ko olùdíje lẹ́nu mọ́. Àlàyé tó ṣe ni pé òun ti ṣèlérí fún ọmọbìnrin òun, tó ṣì kéré nígbà náà, pé ìyá rẹ̀ nìkan ni òun yóò máa fẹnu kò lẹ́nu. Orí Family Feud náà sì ni òun àti ìyá ọmọ yìí ti pàdé, nígbà tí obìnrin náà wá díje. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré kan ṣe ohun tí ìráhùn àwọn àgbà kò lè ṣe, nítorí pé ọmọ náà wà nínú ilé, baba rẹ̀ sì ń gbọ́ tirẹ̀.

Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ Bob Barker, ó kàn jẹ́ pé tirẹ̀ tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1972 títí di 2007 ló fi ṣe atọ́kùn The Price Is Right lórí CBS, níbi tí ẹni tó bá mọ iye owó ọjà ti ń gba ẹ̀bùn. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀wù tí wọ́n fi awọ onírun ẹranko rán wà lára ẹ̀bùn iyì ibẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, Barker di ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ẹranko. Kò jẹ ẹran mọ́. Kò gbà kí wọ́n fi irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀bùn lórí ètò rẹ̀ mọ́, ó sì fi iṣẹ́ atọ́kùn ìdíje ẹwà Miss USA sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Kò tán síbẹ̀. Àwọn ètò àtijọ́ tí ẹ̀wù náà wà nínú wọn, kò fẹ́ kí wọ́n tún gbé wọn jáde. Nígbà tí Pluto TV ṣí ìkànnì kan fún ìgbà ayé Barker nìkan ní ìparí 2022, ètò ọdún 1982 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

N kò bá Barker wí. Ẹni tó yí ọkàn padà, tó sì jẹ́ kó ná òun ní iṣẹ́ àti owó, ọmọlúàbí ni lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kù níta gbangba. Àwọn obìnrin tó ń fi ọjà han òǹwòran, tí wọ́n ń dúró ti fìríìjì àti mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rín, Barker's Beauties ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ẹni pé ohun ìní ọkùnrin náà ni wọ́n. Ìyẹn ń jáde lọ, kò sí ẹni tó tì í mọ́lé. Ẹranko rí agbẹnusọ nítorí pé ọ̀gá ètò fúnra rẹ̀ ni agbẹnusọ rẹ̀. Èmi kò ní kí wọ́n ti àwọn obìnrin náà mọ́lé o. Ohun tí mo ń fà yín létí sí ni pé nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé ayé ti yí padà, pé èyí bójú mu, pé tọ̀hún kò bójú mu mọ́, ẹni tó lágbára láti sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ yí i sí ibi tó fẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí pé kí wọ́n pa nǹkan rẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí pé kí wọ́n gbé e jáde, ẹ wá ẹni tí wọn kò bi léèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Amos 'n' Andy kì í ṣe eré ìdíje, eré apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtúngbé jáde yìí kan náà ló gbà. Àwọn aláwọ̀ funfun méjì, Freeman Gosden àti Charles Correll, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí rédíò ní 1928, tí wọ́n ń sín ohùn àwọn adúláwọ̀ jẹ. Nígbà tó dé orí tẹlifíṣọ̀n CBS ní 1951, adúláwọ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣèré, àwọn tó mọṣẹ́ wọn dunjú. Lọ́dún yẹn gan-an ni NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, ta kò ó, wọ́n ní ó ń sọ adúláwọ̀ di òmùgọ̀ àti ọ̀lẹ lójú ayé. CBS dáwọ́ ṣíṣe tuntun dúró ní 1953, ṣùgbọ́n wọn kò dáwọ́ títà dúró. Títí di 1966 ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń rí i rà, tí wọ́n ń tún un gbé jáde, kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ní 1963, wọ́n kéde pé àwọn ti tà á fún Kenya àti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ìwọ̀ Oòrùn wa yìí náà, tó ṣí tẹlifíṣọ̀n sí Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá 1959. Ìjọba Kenya fèsì pé kò ní wọ ilẹ̀ àwọn.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ti fi ọdún méjìlá pariwo pé eré yìí ń tàbùkù àwọn. Wọn kò dá wọn lóhùn. Wọ́n wá kó ẹ̀gàn kan náà wá fún àwọn ọmọ ìyá wọn ní Áfíríkà, pé kí wọ́n fi ṣe fàájì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá sọ pé ìrántí ayé àtijọ́ lásán ni ohun tí wọ́n ń tún gbé jáde. Ọjà ni. Ẹni tó ń tà á kì í wo ojú ẹni tó ń dùn, àfi tí onítọ̀hún bá pariwo débi tí ọjà ń fẹ́ bàjẹ́.

Ẹni mìíràn wà tí wọn kò bi léèrè, òun sì ni ó ṣòro láti rí jù, nítorí kò sí nínú àwòrán rárá. Ẹ ka iye adúláwọ̀ tó jókòó déédéé láti máa béèrè ìbéèrè lórí What's My Line? ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ wo ojú àwọn atọ́kùn ìgbà náà. Ó di 1975 kí Adam Wade, akọrin, tó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe atọ́kùn eré ìdíje lórí ìkànnì ńlá tó kárí Amẹ́ríkà. Musical Chairs ni orúkọ ètò náà, CBS ló ni ín, oṣù díẹ̀ péré ló sì lò. Wade sọ lẹ́yìn náà nípa lẹ́tà kan tó dé, tí ọkùnrin kan fi sọ pé òun kò fẹ́ kí ìyàwó òun jókòó sílé máa wo adúláwọ̀ tó ń pín owó. Ẹ̀rọ lè gé súfèé kúrò nínú fíìmù, ó lè fi nǹkan bo ìpolówó ọjà tí òfin kò fẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gé ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọlé. Bí wọ́n bá wá tún un ṣe kó dán, kó mọ́, kí gbogbo ohun ìtìjú inú rẹ̀ kúrò, ẹ̀yin ọmọ wa yóò wò ó, ẹ ó rí ayé aláwọ̀ funfun tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni yóò jẹ́.

Ní ti ìpolówó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Sìgá Winston ló gbọ̀wọ́ I've Got a Secret fún ọdún púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ wà níwájú àwọn olùbéèrè, wọ́n sì ń fún àlejò ní páálí sìgá kan mọ́ owó tó bá jẹ. Garry Moore, atọ́kùn ètò náà, ń fa sìgá níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti oṣù kìíní 1971 ni òfin ti lé ìpolówó sìgá kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Moore kú ní 1993, àrùn tó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló pa á. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ètò náà jáde, kó gbé e jáde, ṣùgbọ́n kó kọ ìlà méjèèjì yìí síbẹ̀ kí àwọn ọmọ kà á.

Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé kúrò níta pátápátá kò pọ̀. Ní 1978, ọkùnrin kan wá díje lórí The Dating Game, níbi tí ọmọbìnrin ti ń yan ọ̀dọ́mọkùnrin láì rí ojú rẹ̀. Apànìyàn ni ọkùnrin náà, ó ti pànìyàn kó tó dé ibẹ̀, ó sì tún pa lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi, ó ti kú, ṣùgbọ́n ègé ètò yẹn ṣì ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn, tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe ìyàlẹ́nu. Àwọn tí ó pa ní ìyá, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Níbi tí ọgbẹ́ bá ṣì wà lára ènìyàn alààyè, tí ohun tí a ń wò kò sì kọ́ wa ní nǹkan kan ju pé apànìyàn náà lè rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí.

Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde lódidi, kí wọ́n sì fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ní 2020, HBO Max kó Gone with the Wind kúrò, fíìmù ọdún 1939 tó fi ayé ẹrú hàn bí ayé ìdẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọn kò gé nǹkan kan nínú rẹ̀. Jacqueline Stewart, obìnrin adúláwọ̀ tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn fíìmù, ni wọ́n fi ṣáájú kó ṣàlàyé ohun tí ènìyàn fẹ́ wò. Ìkìlọ̀ onílà kan tí wọ́n máa ń kọ, pé ìwà ìgbà náà lè má bá ti òde òní mu, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò dárúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Kò sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kan ẹ̀yin alára. Queen for a Day wà lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà jákèjádò láti 1956 sí 1964. Obìnrin mélòó kan yóò jáde, oníkálukú yóò ro ẹjọ́ ìṣẹ́ rẹ̀ fún atọ́kùn, Jack Bailey: èyí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, èyí tí ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́. Àwọn òǹwòran yóò pàtẹ́wọ́, ẹ̀rọ yóò wọn ariwo rẹ̀, ẹni tí ìyà rẹ̀ bá gba àtẹ́wọ́ jù ni wọn yóò dé ládé, tí wọn yóò fún ní ẹ̀bùn. Àwọn yòókù yóò kó ìṣòro tiwọn, tí gbogbo ìlú ti gbọ́, padà lọ sílé. Mo ti gbọ́ tí ẹ pè é ní ìwà ìkà, òótọ́ lẹ sọ. Kí wá ni èyí tí àwọn kan nínú yín ń ṣe ní Èkó, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń gbé fóònù síwájú ìyá oníṣu, tí wọ́n ń bi í bó ṣe ń jẹun, tí wọ́n ń dúró dìgbà tí omi bá dé ojú rẹ̀ kí wọ́n tó kó owó fún un, kí wọ́n tó gbé e síta fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti wò? Kò sí adé níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn àtẹ́wọ́, iye àwọn tó tẹ bọ́tìnì ìfẹ́ràn ló rọ́pò rẹ̀. Ó gba owó, mo gbà. Ó dúpẹ́, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. Obìnrin tí Dawson fẹnu kò lẹ́nu náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ebi ń pa kò lè sọ fún ẹni tó mú owó dání pé kó pa fóònù rẹ̀. Ẹ fún un lówó kí ẹ má yà á. Bí ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa náà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn baba yín gbé jáde ni a kò rí mọ́. Téèpù tó bá kù, ẹ má ṣe pa á rẹ́, bó ti wù kí ohun tó wà nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún un gbé jáde, ẹ wá àwọn tó hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1975 ti lé ní àádọ́rin báyìí, ó ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹ fi téèpù náà hàn án. Ẹ bi í bóyá ó ń yọ̀ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìyìn ni o, ìráhùn ni o, kí ó máa bá téèpù náà lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó dàgbà jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tètè lọ.